Ẹ Kí Wọn Lórúkọ-Lórúkọ

Ẹ̀kọ́ Bíbélì: Jòhánù 10:1–5; Róòmù 16:1–23; àti ẹsẹ tí ó kẹ́yìn ìwé Jòhánù Kẹta



Ìwé tí Jòhánù kọ sí Gáíù kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè kà á tán kí omi tí a gbé ka iná tó hó. Bóyá nítorí kíkúrú rẹ̀ ni a kì í fi í wàásù púpọ̀. Bí òǹkọ̀wé náà ti ń parí lọ, ó ní òun ní ohun púpọ̀ láti sọ, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ fi tàdáwà àti kálámù sọ ọ́, nítorí òun ń retí àtirí Gáíù lójúkojú. Lẹ́yìn èyí ni ó fi iṣẹ́ kan rán an: kí ó bá òun kí àwọn ọ̀rẹ́ tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó sì dárúkọ wọn bí ó ti ń kí wọn. Níbẹ̀ ni ìwé náà parí sí. Oníwàásù lè ti pa Bíbélì dé kí ó tó débẹ̀. Olùtumọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ìkíni pàápàá ọ̀rọ̀ ni, a sì gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì péré ni ó sọ nípa orúkọ níbẹ̀. Àwọn méjì yìí kan náà ni a lò nínú Ìhìnrere Jòhánù, orí 10, ẹsẹ 3, níbi tí Olúwa wa gbé ń sọ̀rọ̀ olùṣọ́-àgùntàn tí ó ń pe àwọn àgùntàn tirẹ̀, tí ó sì ń ṣe amọ̀nà wọn jáde. Ohun tí Olùṣọ́-àgùntàn ń ṣe fún agbo ni a ní kí Gáíù ṣe fún àwọn ọ̀rẹ́. Èmi kò rò pé ó yẹ kí a ka èyí sí ọ̀rọ̀ tí ó kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn lásán.

Ìṣòro kékeré kan wà níbẹ̀ fún àwa tí a ń túmọ̀ sí èdè Yorùbá. Bí a bá kọ ọ́ pé kí ó "kí wọn ní orúkọ," etí tí ó ti mọ́ra pẹ̀lú "ní orúkọ Jésù" lè gbọ́ ọ bí ẹni pé orúkọ ẹlòmíràn ni a fi ń kí wọn. Bí a kò bá sì fi àmì ohùn sí i, ó tilẹ̀ lè dàbí ẹni pé a ń fẹ́ "kí wọ́n ní orúkọ," bí ẹni pé wọn kò ní i tẹ́lẹ̀! Ohun tí Gíríìkì náà ń sọ ni pé kí a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù gbọ́ tirẹ̀. Èdè wa ní ọ̀nà tí ó dára láti sọ èyí, tí í ṣe àpètúnpè. A ń sọ pé "méjì-méjì," a ń sọ pé "ilé dé ilé," a sì lè sọ pé "lórúkọ-lórúkọ." Èmi kò sọ pé kí a tìtorí èyí yí Bíbélì tí ó wà lọ́wọ́ wa padà o, ṣùgbọ́n bí mo bá ń ka ẹsẹ náà fún ara mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbọ́ ọ.

Mo fẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ inú kíláàsì wa, ìyẹn àwùjọ kékeré tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì pọ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, láti Èkó títí dé Jọs àti Kánò, àwọn ènìyàn ń jókòó pọ̀ lórí àga kan náà fún ọdún pípẹ́ láìmọ orúkọ ara wọn. Brọ́dà ni, Sístà ni, Bàbá Akápò ni, Ìyá Oníyẹ̀rì Funfun ni. A ń gba ọwọ́ ara wa, a ń rẹ́rìn-ín, a ń pín ìwé orin lò, a sì ń lọ sílé.

Mo mọ ìjọ kan ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú ńlá Òkè Ọya. Obìnrin àgbà kan wà nínú kíláàsì àwọn ìyá níbẹ̀, tí ó ń ta ẹ̀kọ ní ẹnu ọ̀nà ọjà. Ìyá Ẹlẹ́kọ ni gbogbo wọn ń pè é, ọdún 11 ni ó sì ti bá wọn jókòó. Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ní ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́rin nínú kíláàsì ra ọsàn àti búrẹ́dì, wọ́n sì lọ wò ó. Nọ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ wọn: kí ni orúkọ aláìsàn náà? Wọ́n wo ojú ara wọn. Èkíní ní Ìyá Ẹlẹ́kọ ni. Nọ́ọ̀sì náà, tí kì í ṣe Yorùbá, yẹ ìwé rẹ̀ wò, kò rí i. Èkejì ní ará ìjọ àwọn ni, ó dúdú, kò sì ga. Wọ́n gbé ọsàn wọn padà sílé. Kí wọ́n tó rí ẹnìkan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó mú wọn débẹ̀, ó ti di ọjọ́ kẹrin.

Ìyá náà yè, ẹ bá wa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò náà ó dùbúlẹ̀ láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà, ó sì ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé kíláàsì òun kò wá. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìfẹ́ wà, owó ọsàn wà, ẹsẹ̀ tí ó lè rìn wà. Orúkọ ni kò sí.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá wo bí kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ará wa Mẹ́tọ́díìsì, a ó rí i pé mímọ ènìyàn ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó jẹ́. Ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Kejì ọdún 1742, gbèsè wà lọ́rùn ilé ìpàdé àwọn ọmọ ẹ̀yìn John Wesley. Wọ́n dá a lábàá pé kí olúkúlùkù máa mú pẹ́nì kan wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹnìkan ní ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ tálákà tí kò lè san án. Nígbà náà ni ẹni tí wọ́n ń pè ní Kápítéènì Foy dìde, tí ó ní kí wọ́n kó àwọn 11 tí ó tálákà jùlọ fún òun: òun yóò máa lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá rí nǹkan san, ó dára, bí wọn kò bá rí i, òun yóò san tiwọn mọ́ ti òun. Nítorí owó ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò náà. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ń gba pẹ́nì ti ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n rí ẹni tí ń bá aya rẹ̀ jà, wọ́n sì rí ẹni tí ọtí ti gbé ṣubú. Wesley sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí òun ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ètò kíláàsì sì wà lára ohun tí ìjọ rẹ̀ mú wá sí ilẹ̀ wa. Àwọn ìjọ yòókù ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tiwọn. Orúkọ yàtọ̀, iṣẹ́ kò yàtọ̀. (Kíláàsì tí ó ní ọgọ́rin ènìyàn nínú kì í ṣe kíláàsì mọ́ lójú tèmi. Ìjọ kékeré ni, ó sì yẹ kí a pín in.)

Àwọn àgbà kan ti ṣe àtakò sí ọ̀rọ̀ yìí létí mi, ó sì tọ́ kí a fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn. Wọ́n ní Yorùbá kì í pe àgbà lórúkọ. Ọmọ ogún ọdún kò gbọdọ̀ la ẹnu kí ó pe obìnrin tí ó lè bí i lórúkọ nítorí pé wọ́n jọ ń ka Bíbélì. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Bíbélì ba ìwà ọmọlúàbí jẹ́ kò tí ì kà á dáadáa. Ṣùgbọ́n mímọ orúkọ yàtọ̀ sí pípe orúkọ. Kò sí ọmọ tí ń pe ìyá rẹ̀ lórúkọ. Kò sì yẹ kí ọmọ kan wà tí kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀.

Ẹ tilẹ̀ wo ìyàwó ilé ní ayé àwọn bàbá wa. Kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni tí a ti bí sínú agbo ilé ọkọ rẹ̀ kí òun tó dé, àní ọmọ ọwọ́ pàápàá. Ǹjẹ́ ó wá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe gbogbo wọn bí? Rárá o. Ó wo èyí tí eyín rẹ̀ mọ́, ó pè é ní Eyínfúnjowó. Ó wo èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń dán, ó pè é ní Adúmáadán. Èyí tí ó ń lọ sí ilé ìwé di Akọ̀wé. Ó ti wo ojú olúkúlùkù wọn dáadáa kí ó tó rí ohun tí yóò máa pè é. A kò lè fi àṣà tí ó kún fún àkíyèsí tó báyìí gbèjà "Sístà" tí a fi ń pe gbogbo obìnrin inú ìjọ láìwo ojú ẹnìkan.

Kì í ṣe pé mo kórìíra "arákùnrin" àti "arábìnrin." Ọ̀rọ̀ Bíbélì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ananíà nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì, orí 9. Olúwa fi adirẹ́ẹ̀sì rán an: orúkọ òpópónà, orúkọ onílé, orúkọ àlejò tí ó wọ̀ síbẹ̀ àti ìlú tí ó ti wá. Nígbà tí Ananíà débẹ̀, tí ó gbé ọwọ́ lé ọkùnrin tí gbogbo ìjọ ń sá fún yẹn, ó pè é ní arákùnrin, ó sì pè é ní Sọ́ọ̀lù. Àwọn méjèèjì ni ó lò. Bí ó bá jẹ́ "arákùnrin" nìkan ni ó pè, ta ni ìbá mọ̀ bóyá ó rántí ẹni tí ó wà níwájú òun? Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì lónìí, "Brọ́dà" ti di aṣọ tí a fi ń bo àìmọ̀.

Ọ̀nà kan tí a ń gbà bu ọlá fún àwọn obìnrin wa ni pé kí a fi orúkọ ọmọ wọn pè wọ́n: Ìyá Táyé, Ìyá Délé, Ìyá Bísí. Pọ́ọ̀lù pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Róòmù 16:13, ó kí Rufu, ó sì kí ìyá Rufu, tí ó ní ó ṣe ìyá fún òun náà. Orúkọ obìnrin náà kò sí níbẹ̀. Yorùbá tí ó bá ka ẹsẹ náà mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Pọ́ọ̀lù kò mọ̀ ọ́n, nígbà tí ó pè é ní ìyá. Ṣùgbọ́n kí ni a ó pe ẹni tí Ọlọ́run kò tí ì fún lọ́mọ nínú kíláàsì tí gbogbo obìnrin yòókù ti ń jẹ́ Ìyá Lágbájá? Mo ti rí i tí a ń pe obìnrin tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún ní "Ìyàwó." Kò sí ibi kankan nínú ọkàn àwọn tí ń pè é bẹ́ẹ̀, síbẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí a bá kí àwọn obìnrin kíláàsì náà yíká, ìkíni náà ń kan egbò rẹ̀. Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ bá mi wo ibí yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Hánà fi wà ní ilé Ẹlikánà láìbímọ, Ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní kò sì pè é ní ohun mìíràn bí kò ṣe Hánà. A tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ ṣáájú Pẹ̀nínà ọlọ́mọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ sí i ní Róòmù 16, nítorí orí tí àwọn òǹkàwé máa ń fò ni. Pọ́ọ̀lù kò tí ì dé Róòmù rí nígbà tí ó kọ ìwé yìí. Síbẹ̀, bí a bá ka àwọn tí ó kí láti Priskilla àti Akuila títí dé Olimpa, ènìyàn 24 ni ó dárúkọ, yàtọ̀ sí ìyá Rufu àti arábìnrin Nereu, àti àwọn ará ilé Aristobulu àti ti Narkissu tí ó kí papọ̀. Kò sì kó wọn jọ bí ẹni tí ń ka owó. Bí ó ti ń dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi ohun kan tí ó mọ̀ nípa púpọ̀ nínú wọn kún un: àwọn wọ̀nyí fi ọrùn wọn wéwu nítorí tèmi, ẹni yìí ni àkọ́so ní Éṣíà, Androniku àti Junia bá mi wà nínú ẹ̀wọ̀n, Trifena, Trifosa àti Persi ṣiṣẹ́ kára. Orúkọ kan, ohun kan. Ẹni tí kò tí ì dé ìlú náà mọ ènìyàn 24 níbẹ̀. Mélòó ni àwa mọ̀ lórí àga tí a ti ń jókòó sí láti ọdún mẹ́wàá?

Ó wú mi lórí pé ìwé Róòmù yìí wà lára àwọn ìwé Bíbélì tí ó kọ́kọ́ jáde ní èdè Yorùbá. Ọdún 1850 ni a tẹ ìtumọ̀ tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe, ọdún 34 kí odindi Bíbélì tó jáde ní 1884. Ọkùnrin tí ó jókòó tí ó ń wá bí Yorùbá yóò ṣe kí gbogbo àwọn ará Róòmù wọ̀nyí kò ṣàì mọ ohun tí orúkọ jẹ́. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi ní Sàró ní 1825, orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan ni a fún un. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ìyá rẹ̀ Afala wá bá a, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọn kò ti fojú kan ara wọn. Nínú ìròyìn tí Crowther fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀, ó sọ pé àwọn méjèèjì kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ ti ń fi kẹ́ ẹ ní kékeré, àwọn orúkọ tí ó rántí dáadáa. Kò sí ẹnìkan ní Sàró tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó lè fi àwọn orúkọ wọ̀nyẹn pè é. Ní 1848, nígbà tí ìyá náà ṣe ìrìbọmi, Hánà ni ó di, nítorí pé ìyá Sámúẹ́lì ni.

Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè, mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé orúkọ Yorùbá kì í ṣe àmì lásán tí a lẹ̀ mọ́ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ odindi gbólóhùn. Ẹ mú Olúwafúnmiláyọ̀. Ó ní olùwà, Olúwa. Ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe, fún. Ó ní ẹni tí a fún, mi. Ó ní ohun tí a fún un, ayọ̀. Ẹ̀rí ìgbàgbọ́ tí ó pé ni. Nígbà tí a bá gé e kù sí Fúnmi, Olúwa ti lọ, ayọ̀ ti lọ, ohun tí ó kù sì dàbí ohùn ẹni tí ń tọrọ: fún mi! Èmi kò lòdì sí àgékúrú. Bí a ti ń fi ìfẹ́ pe ara wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí kíláàsì gbọ́ odindi rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ó kéré tán.

Bákan náà ni ti àmì ohùn, tí àwọn akọ̀wé kíláàsì ń kà sí iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Akọ̀wé kan kọ "Ojo" sínú ìwé, ó sì lọ ìrìnàjò. Ẹni tí ó bá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, bí kì í bá ṣe Yorùbá, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá Òjó ni, tàbí òjò, tàbí ojo tí ń sá lójú ogun? Àmì kékeré méjì ni ó ń ya ọmọ tí a bí pẹ̀lú ìwọ́ ní ọrùn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Ní àwọn ìjọ wa tí ó wà lẹ́yìn odi ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí tún ní apá kejì. Àwọn tí kì í ṣe Yorùbá ń wá jókòó pẹ̀lú wa, àwọn kan nítorí pé wọ́n fẹ́ ọmọ wa, àwọn mìíràn nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì wa ni ó sún mọ́ ilé wọn. Kò dára kí obìnrin kan tí ń jẹ́ Ngozi di "Ìyàwó Ìbò" lẹ́nu wa. Ìbùkún ni Ngozi túmọ̀ sí. Chukwu tí ó wà nínú orúkọ àwọn Ìgbò, Ọlọ́run ni. Aondo tí ó wà nínú orúkọ àwọn Tiv, Ọlọ́run ni. Àwọn náà ń fi gbólóhùn jẹ́rìí, bí àwa ti ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é létí wa lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí a sì pè é tẹ̀lé wọn títí wọn yóò fi ní ó tọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ṣòro jù wọ̀nyí lọ. Mo sọ fún yín nípa Ìyá Ẹlẹ́kọ. Kì í ṣe pé kíláàsì kò béèrè nìkan. Òun náà kò sọ. Orúkọ tí ó wà nínú ìwé ilé ìwòsàn, orúkọ ìkómọjáde rẹ̀, Ifá ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì ti gbọ́ nínú ìwàásù pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ọmọ Ọlọ́run. Nítorí náà ó fi í pamọ́, ó sì fara mọ́ orúkọ ọjà rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ti yí Fá padà sí Olú tàbí Jésù nínú orúkọ wọn, ẹ̀rí-ọkàn wọn ni wọ́n sì tẹ̀lé. Èmi kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwa tí ń wàásù padà sí Róòmù 16. Febe tí Pọ́ọ̀lù fi ìyìn lé lọ́wọ́ ní ẹsẹ 1, orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń fi pe òrìṣà wọn obìnrin ni ó ń jẹ́. Herme tí ó wà ní ẹsẹ 14, orúkọ òrìṣà tí ń jẹ́ ìránṣẹ́ àwọn òrìṣà yòókù ni. Nereu ẹsẹ 15, orúkọ òrìṣà òkun ni. Pọ́ọ̀lù, tí kì í fi ọ̀rọ̀ òrìṣà ṣeré rárá, kò sọ pé kí ẹnìkan nínú wọn lọ gba orúkọ mìíràn kí òun tó kí i. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ní Ifá tàbí Ògún nínú lè dúró nínú kíláàsì kí ó sì sọ ọ́ láìtijú. Bí olùkọ́ bá fa ojú ro nígbà tí ó bá sọ ọ́, kò ní sọ òmíràn mọ́.

Ní ti bí a ó ṣe ṣe é, mo ti rí ọ̀nà kan tí ó ṣiṣẹ́ ní kíláàsì mélòó kan, kò sì gba owó. Ní Ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, kí àwọn méjì sọ orúkọ wọn ní kíkún kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó sọ wọ́n bẹ́ẹ̀, àti ìdí rẹ̀ bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ẹnìkan. Kí a má ṣe fi ipá mú ẹnikẹ́ni sọ ìtàn. Ẹni tí ń jẹ́ Málọmọ́ tàbí Kòsọ́kọ́ kò lè sọ ìtàn orúkọ rẹ̀ láìsọ ti àwọn tí ìyá rẹ̀ ti sin ṣáájú rẹ̀, bóyá kò sì fẹ́ sọ ọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, kí ó má jẹ́ akọ̀wé ni yóò pe ìwé orúkọ, kí ẹni kọ̀ọ̀kan dárúkọ ẹni tí ó jókòó ní apá ọ̀tún rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ó yẹ: "Màmá wa nìyí, orúkọ wọn ni Comfort Àbẹ̀kẹ́, Ọ̀fà ni wọ́n ti wá." Ohùn ọ̀wọ̀ kò pa orúkọ náà lára. Lẹ́yìn náà kí a pààrọ̀ ìjókòó, nítorí ẹni tí kò bá kúrò lójú kan, ẹni méjì náà ni yóò mọ̀ títí ayé. Kí olúkúlùkù sì mú orúkọ kan lọ sílé láti fi gbàdúrà títí ọ̀sẹ̀ yóò fi yí po. Láti ibẹ̀ ni orúkọ ti ń wọ ọkàn jùlọ, nítorí pé níwájú Ọlọ́run, ọmọdé lè dárúkọ àgbà láìjẹ̀bi.

Ìwé orúkọ fúnra rẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe. Yàtọ̀ sí orúkọ tí a ń pe ènìyàn, kí a kọ orúkọ tí ó ń lò ní ilé ìwòsàn, ní báńkì àti ní ọ́fíìsì, pẹ̀lú àmì ohùn, àti orúkọ ẹnìkan nínú ará ilé rẹ̀. Ìwé kan náà ni a ó mú lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń lọ kí aláìsàn.

Kíláàsì tí ó ní ènìyàn 24, iye àwọn tí Pọ́ọ̀lù dárúkọ ní Róòmù, yóò parí rẹ̀ láàárín Ọjọ́ Ìsinmi 12. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní, yóò ti parí kí oṣù Kẹta tó lọ. Ẹni tí a sì máa ń gbàgbé nínú ètò yìí ni olùkọ́, tí gbogbo wọn mọ̀ sí Tíṣà. Ní Róòmù 16:22, akọ̀wé tí ó ń kọ ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ da kálámù dúró díẹ̀, ó dárúkọ ara rẹ̀, Tertiu, ó sì kí wọn. Ní ẹsẹ tí ó tẹ̀lé e ni a rí Kuartu, tí a kò sọ ohun mìíràn nípa rẹ̀ ju pé arákùnrin ni. Ẹ̀kẹta ni Tertiu túmọ̀ sí ní èdè Látìnì, Ẹ̀kẹrin ni Kuartu. Orúkọ tí kò ju nọ́ńbà lọ, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, kí Tíṣà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀.